Owó Èérí Kì í Mọ́ Nínú Àpò: Ẹnu Ọ̀nà Báńkì Ni Kí A Ṣọ́

Àwọn àgbà wa ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, dandan ni kí ó di ọṣẹ. Ìbákẹ́gbẹ́ rere ni wọ́n fi òwe yìí kọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n àwọn olè òde òní ti gbà á mọ́ wa lọ́wọ́, wọ́n sì ti sọ ọ́ di iṣẹ́ ọwọ́. Owó tí wọ́n jí nínú àpò ìjọba, èyí tí wọ́n rí nídìí oògùn olóró, èyí tí wọ́n fi èrú gbà lọ́wọ́ ẹni ẹlẹ́ni, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kó lọ bá owó rere gbé, títí ẹnikẹ́ni kò fi ní lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì mọ́. Iṣẹ́ náà ni a ń pè ní fífọ owó èérí, àwọn tí ó sì ń ṣe é ni alágbàfọ̀ tí kì í fi aṣọ ṣòwò.

Ohun tí àwọn aláṣẹ ti ń tẹnu mọ́ fún wa láti bí ọdún mélòó kan ni pé owó bébà ni ó fa gbogbo ìyọnu yìí. Bí a bá lè kó owó bébà kúrò ní ìgboro, wọ́n ní, kí olúkúlùkù máa fi káàdì àti fóònù sanwó, olè yóò pàdánù ibi ìfarapamọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, òtítọ́ sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdajì òtítọ́ ni, ìyà ńlá ni a sì fi ra ìdajì náà ní ọdún 2023. Ó yẹ kí á yẹ ọjà tí a rà wò kí wọ́n tó tún wá tà á fún wa.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ gba èyí tí ó jẹ́ òtítọ́. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé owó bébà kì í ṣe ọ̀rẹ́ olè. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni lára rẹ̀. Ẹni tí a bá bá a lọ́wọ́ rẹ̀ ni olówó rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2017, àwọn òṣìṣẹ́ àjọ EFCC wọ ilé kan ní Òpópónà Osborne ní Ìkòyí ní Èkó, wọ́n sì bá owó níbẹ̀ tí ó ya gbogbo ayé lẹ́nu: dọ́là Amẹ́ríkà 43,449,947, pọ́n-ùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì 27,800, àti náírà 23,218,000. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹfà ọdún náà, ilé ẹjọ́ ti pàṣẹ pé kí gbogbo rẹ̀ di ti ìjọba àpapọ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò, ẹ bá wa wo iye yìí dáadáa. Dọ́là ni ó pọ̀ jù nínú owó náà. Náírà tí ó wà níbẹ̀ kò tó ohun tí ènìyàn ń mẹ́nu kàn. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Bébà dọ́là kan wọn gíráàmù kan. Bí a bá di mílíọ̀nù kan dọ́là ní ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún, 10,000 bébà ni yóò jẹ́, ìwọ̀n rẹ̀ yóò sì jẹ́ kìlógíráàmù mẹ́wàá, ẹrù tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama lè rù láìsọ̀. Ṣùgbọ́n ní òpin ọdún 2024, nígbà tí dọ́là kan tó nǹkan bíi ₦1,500, iye owó kan náà ní ₦1,000 jẹ́ bébà mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù ni yóò gbé e, àwọn aládùúgbò yóò sì béèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Olè tí ó ní ọgbọ́n lórí kì í fi náírà pamọ́ fún ìgbà pípẹ́.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn mọ ìṣirò yìí. Ní ọdún 1969 ni ìjọba Amẹ́ríkà dẹ́kun pípín bébà owó tí ó ju ọgọ́rùn-ún dọ́là lọ, bẹ̀rẹ̀ láti orí 500 dọ́là títí dé 10,000 dọ́là. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016, Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù pinnu pé òun kò ní máa pín bébà 500 yúrò mọ́, pípín rẹ̀ sì dópin ní ọdún 2019. Mílíọ̀nù kan yúrò ní irú bébà bẹ́ẹ̀ kò wọn ju kìlógíráàmù méjì àti díẹ̀ lọ. Bébà ńlá tí àwọn ọlọ́lá fi ń sá kiri ni wọ́n fọwọ́ kàn. Wọn kò fọwọ́ kan èyí tí òṣìṣẹ́ fi ń ra búrẹ́dì.

Kí ni àwa ṣe? Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 2022, Ọ̀gbẹ́ni Godwin Emefiele, tí ó jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà nígbà náà, kéde pé a ó yí ojú ₦200, ₦500 àti ₦1,000 padà. Ó ní nínú tírílíọ̀nù ₦3.23 tí ó wà nílẹ̀, tírílíọ̀nù ₦2.73 ni kò sí nínú àpótí báńkì kankan. Ní oṣù Kejìlá ni owó tuntun náà jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ńṣe ni wọ́n rẹ owó àtijọ́ sínú aró. Ọjọ́ 31 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023 ni wọ́n fi ṣe òpin náwó àtijọ́. Nígbà tí ariwo pọ̀, wọ́n sún un di ọjọ́ 10 oṣù Kejì. Wọ́n sì ti fi òté lé iye tí ènìyàn lè gbà jáde lọ́sẹ̀ kan. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1984, lábẹ́ ìjọba ológun, a ti ti ẹnubodè pa, a sì ti yí àwọ̀ náírà padà nítorí ọ̀ràn kan náà. Bí olè bá tán nílẹ̀ yìí ní ọdún 1984, àwa kò gbọ́.

Èmi tí mo ń kọ ìwé yìí wà lára àwọn tí ó tò sẹ́nu ọ̀nà báńkì kan ní Ìbàdàn ní oṣù Kejì ọdún 2023, láti aago márùn-ún ìdájí. Ẹni tí ó wà níwájú mi jẹ́ ìyá àgbàlagbà kan tí ó ń ta ata àti tòmátì. Ó ní àwọn oníbàárà òun ń fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù, òun sì ń kó ọjà fún wọn, ṣùgbọ́n owó tí àwọn ẹlòmíràn fi ránṣẹ́ láti ọjọ́ mẹ́ta kò tíì dé; tòmátì tí ó kù sì ti ń jẹrà. Nígbà tí ó kàn án, ₦2,000 ni wọ́n fún un. Nígbà tí ó kàn mí, owó ti tán. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà báńkì náà, àwọn oníPOS ń ta owó fún ènìyàn bí ẹní ń ta epo pupa: ẹni tí ó bá fẹ́ ₦10,000 lè fi ₦2,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ rà á. Níbo ni àwọn yẹn ti rí tiwọn? Ìyá aláta béèrè ọ̀rọ̀ náà sókè ketekete, kò sì sí òṣìṣẹ́ báńkì tí ó dá a lóhùn.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún náà ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá a pé kí á máa ná owó àtijọ́ lọ títí dé òpin ọdún. Nígbà tí ó sì di ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá, ilé ẹjọ́ náà tún fa ọjọ́ náà gùn láìdá òpin sí i. Bébà aláró àti bébà àtijọ́ wá ń gbé pọ̀ nínú àpò kan náà.

Orílẹ̀-èdè Íńdíà ti rìn ní ọ̀nà yìí ṣáájú wa, ó sì ṣeni láàánú pé a kò bi wọ́n léèrè. Ní alẹ́ ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún 2016, olórí ìjọba wọn kéde pé bébà 500 àti 1,000 rúpì kì í ṣe owó mọ́. Àwọn bébà méjèèjì yìí ni wọ́n tó ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún owó bébà tí ó wà nílẹ̀ náà. Ìrètí wọn ni pé àwọn tí ó ní owó èérí yóò bẹ̀rù láti mú un jáde, owó náà yóò sì kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní ọdún 2018 ni báńkì àpapọ̀ wọn parí kíkà rẹ̀: ìdá 99.3 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó padà wọlé. Èyí já sí pé bóyá owó èérí kò pọ̀ ní bébà bí wọ́n ti rò, tàbí pé àwọn tí ó ní in wá ẹni bá wọn kó o wọ báńkì. Ọ̀nà tí ó wù kí ó jẹ́, ẹnu ọ̀nà báńkì ni ó gbà kọjá.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Bí alágbàfọ̀ ti ń rẹ aṣọ, tí ó ń gbo ó, tí ó sì ń sá a, bẹ́ẹ̀ ni àwọn afọwó ń ṣe. Owó bébà tí ó wà lábẹ́ ibùsùn dà bí aṣọ tí ó wà nínú agbọ̀n ìdọ̀tí: wọ́n ti fi pamọ́, ṣùgbọ́n kò tíì mọ́. Olówó rẹ̀ kò lè fi ra ilé ní Lọ́ńdọ̀nù, kò lè fi ra ìpín nínú ilé iṣẹ́, kò sì lè dúró níwájú ènìyàn kí ó sọ pé òwò ni òun fi rí i. Ọjọ́ tí ó bá wọ báńkì ni wọ́n rẹ ẹ́. Ọjọ́ tí ó bá ti inú àkáǹtì kan bọ́ sí èkejì, láti orílẹ̀-èdè kan dé èkejì, ní orúkọ ilé iṣẹ́ tí kò ní ilé tí kò sì ní iṣẹ́, ni wọ́n gbo ó. Nígbà tí ó bá di ilé alájà mẹ́fà, wọ́n ti sá a, ó sì ti gbẹ. Ṣé bébà owó kankan wà nínú gbígbo yìí? Kò sí.

Ẹ wo owó tiwa tí wọ́n kó lọ nígbà Ọ̀gágun Sani Abacha, ẹni tí ó kú ní oṣù Kẹfà ọdún 1998. Ìwé tí ó sọ pé ọ̀ràn ààbò ìlú ni a fẹ́ ná an sí ni wọ́n fi ń gba owó náà jáde nínú Báńkì Àpapọ̀. Apá kan jáde ní bébà, apá kan sì gba orí ìwé báńkì lọ sí òkè òkun. Ní oṣù Kẹta ọdún 2001, àjọ tí ó ń bójú tó ọ̀ràn owó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé báńkì 23 nílùú wọn ni ó ti tọ́jú àkáǹtì tí ó jẹ mọ́ ìdílé náà, pé bílíọ̀nù kan àti mílíọ̀nù ọ̀ọ́dúnrún dọ́là ni ó gbabẹ̀ kọjá láàárín 1996 sí 2000, àti pé 15 nínú báńkì wọ̀nyí ni ètò ìṣọ́ wọn ní àbùkù tí ó burú. Báńkì tí àwọn akọ̀wé rẹ̀ ń wọ táì ni o. Ní ọdún 2020, ọdún méjìlélógún lẹ́yìn ikú ọ̀gágun náà, a ṣì ń gba ohun tí ó ju mílíọ̀nù 300 dọ́là padà láti erékùṣù Jersey.

Kì í sì í ṣe owó tiwa nìkan. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2012, báńkì ńlá HSBC gbà láti san bílíọ̀nù 1.9 dọ́là fún ìjọba Amẹ́ríkà, nítorí pé mílíọ̀nù 881 dọ́là ó kéré tán, owó àwọn oníṣòwò oògùn olóró ilẹ̀ Mẹ́síkò àti Kòlóńbíà, ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ìwé tí ìjọba kọ lórí ọ̀ràn náà sọ pé àwọn oníṣòwò náà kan àpótí tí ó bá ojú fèrèsé akọ̀wé báńkì mu gẹ́lẹ́, kí kíkó owó wọlé lè yá. Ẹ kò rí nǹkan! Olè wọn fèrèsé báńkì, ó fi ìwọ̀n náà fún káfíńtà, báńkì sì ń gba àpótí lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹnì kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ báńkì náà tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé lọ sí ilé ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ti ilẹ̀ Ẹsitóníà ni ó wá parí gbogbo àríyànjiyàn. Orílẹ̀-èdè náà kéré. Àwọn ènìyàn rẹ̀ kò ju mílíọ̀nù kan àti díẹ̀ lọ, wọ́n sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ sọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ iṣẹ́ ìjọba di iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀ka kékeré kan tí Danske Bank ti ilẹ̀ Dẹ́ńmákì ní níbẹ̀ ni nǹkan bíi bílíọ̀nù 200 yúrò gbà kọjá láàárín ọdún 2007 sí 2015, láti ọwọ́ àwọn oníbàárà tí kì í gbé ìlú náà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn wá láti Rọ́ṣíà àti àwọn orílẹ̀-èdè agbègbè rẹ̀. Báńkì náà fúnra rẹ̀ gbà pé apá tí ó pọ̀ nínú owó yìí mú ìfura lọ́wọ́. Kò sí àpò, kò sí àpótí, kò sí bébà. Orí ẹ̀rọ ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan nínú ẹ̀ka náà, Howard Wilkinson, pariwo fún àwọn ọ̀gá rẹ̀, wọ́n sì dijú sí i fún ọ̀pọ̀ ọdún. Oṣù Kejìlá ọdún 2022 ni báńkì náà tó gbà níwájú ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà pé òun jẹ̀bi.

A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé ọmọ tiwa, Ramon Abbas, tí ayé mọ̀ sí Hushpuppi. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí kò fi ìbọn gba owó ẹnikẹ́ni. Láti orí lẹ́tà ẹ̀rọ ayélujára ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń tan ilé iṣẹ́ jẹ, àkáǹtì báńkì ni owó ń bọ́ sí, iṣẹ́ tirẹ̀ sì ni láti wá àkáǹtì tí owó náà yóò gbà kọjá. Dubai ni wọ́n ti mú un ní oṣù Kẹfà ọdún 2020; ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022 ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mọ́kànlá àti díẹ̀, lórí ẹ̀sùn fífọ owó.

Ẹnìkan lè wá bi wá pé ṣé a fẹ́ kí gbogbo ènìyàn padà sí ìdí kólò àti owó tí a ń rì mọ́lẹ̀ ni? Rárá o. Àǹfààní ńlá kan wà nínú sísan owó láti orí ẹ̀rọ, àwa kò sì ní fi í pamọ́: ó ń fi ẹsẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí bébà bá kúrò lọ́wọ́ ẹnìkan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ilẹ̀ kò mọ̀; ṣùgbọ́n gbogbo owó tí ó bá gba báńkì kọjá ni ó ní ọjọ́, wákàtí, ẹni tí ó fi ránṣẹ́ àti ẹni tí ó gbà á. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ BVN, tí a bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2014, ti so àkáǹtì olúkúlùkù mọ́ ìka ọwọ́ rẹ̀. Àkọsílẹ̀ báńkì àti ọ̀rọ̀ inú fóònù ni wọ́n fi dè Hushpuppi, kì í ṣe ẹlẹ́rìí tí ó fojú rí i.

Ṣùgbọ́n olè ní í mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí àpáta. Ẹsẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bá tọ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí kò sí. Ní ọdún 2024 nìkan, owó tí àwọn ènìyàn fi ránṣẹ́ sí ara wọn lójú ẹsẹ̀ láti báńkì dé báńkì nílẹ̀ yìí ju tírílíọ̀nù ₦1,000 lọ. Ta ni ń wo ẹsẹ̀ inú iyanrìn tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Òfin ọdún 2022 tí ó lòdì sí fífọ owó sọ pé ẹnìkan kò gbọdọ̀ san ju mílíọ̀nù ₦5 lọ ní owó bébà, ilé iṣẹ́ kò sì gbọdọ̀ san ju mílíọ̀nù ₦10 lọ. Ó sì fi dandan lé báńkì, agbẹjọ́rò àti àwọn tí ń ta ilé àti ọkọ̀ pé kí wọ́n fi ohun tí ó bá fura sí tó ìjọba létí. Òfin tí ó dára ni. Ìyá aláta kò lè rú u láéláé bí ó tilẹ̀ fẹ́, nítorí kò ní mílíọ̀nù márùn-ún. Síbẹ̀ òun ni a tò sí oòrùn.

Ẹ jẹ́ kí á fi ọjọ́ méjì wéra. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 2023, nígbà tí àwọn ènìyàn ṣì ń sùn sẹ́nu ọ̀nà báńkì nítorí ₦2,000, tí ìdìbò ààrẹ sì ku ọ̀la, ni àjọ àgbáyé tí ń gbógun ti fífọ owó, FATF, kọ orúkọ Nàìjíríà sínú ìwé àwọn orílẹ̀-èdè tí ó yẹ kí á máa ṣọ́ lójú méjèèjì. Àìrí owó bébà kò gbà wá sílẹ̀. Oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni wọ́n tó yọ orúkọ wa kúrò. Ohun tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ wa láàárín kò ní àwọ̀ náírà nínú: pé kí á bójú tó báńkì àti àwọn oníṣẹ́ tí owó ńlá ń gba ọwọ́ wọn kọjá, kí á mọ ẹni gan-an tí ó ni ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí á sì wádìí àwọn afọwó títí dé ilé ẹjọ́. A ti ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Àwọn àlejò ni ó nàka sí ẹ̀tẹ̀ náà fún wa.

Ẹ̀yin olùkọ́, iṣẹ́ kan wà fún yín nínú ọ̀ràn yìí tí báńkì kò lè bá yín ṣe. Àwọn afọwó ń wá àkáǹtì tí kò ní àbàwọ́n, wọ́n sì mọ̀ pé ti ọ̀dọ́ ni ó rọrùn jù láti yá. Wọn yóò fún ọmọ ní owó díẹ̀, wọn yóò ní kí ó fi káàdì àti nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọmọ náà yóò rò pé oore ni wọ́n ṣe òun. Lọ́jọ́ tí àwọn agbófinró bá dé, orúkọ tirẹ̀ ni yóò wà lórí ìwé, BVN tirẹ̀ ni wọn yóò fà yọ. Kí á sọ èyí fún wọn nínú kíláàsì lọ́rọ̀ tí ó ṣe kedere, kí wọ́n tó kúrò nílé ẹ̀kọ́ girama.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ̀yin náà ni ó kàn. Nígbà tí alága bá kó owó wá sí ìpàdé nínú àpò ṣaka, tí gbogbo ilé sì pàtẹ́wọ́, ta ni ó dìde nínú yín láti béèrè àkáǹtì tí owó náà ti jáde? Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni àjọ CAC, tí ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, ti ṣí ìwé kan sórí ẹ̀rọ ayélujára, níbi tí a ń kọ orúkọ àwọn tí ó ní agbára lórí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí. Gbogbo ènìyàn ni ó lè wò ó. Nígbà mìíràn tí ìjọba ìbílẹ̀ yín bá gbé iṣẹ́ ọ̀nà tàbí ti kànga fún ilé iṣẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, kí akọ̀wé wọ́ọ̀dù yín jókòó pẹ̀lú olùkọ́ kan tí ó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà, kí wọ́n tẹ orúkọ ilé iṣẹ́ náà síbẹ̀, kí wọ́n sì ka orúkọ tí wọ́n bá rí fún gbogbo ìpàdé.